Bọ́tìnnì Mẹ́rin Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló ní bọ́tìnnì kan tó so mọ́ ọrùn. Bí ara bá ni wọ́n, wọn á tẹ̀ ẹ́, àwa òṣìṣẹ́ á sì sáré dé. Èmi náà ní bọ́tìnnì tèmi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn apá ló wà. Ó funfun, ó rí roboto, kò ju owó kọ́bọ̀ ayé àtijọ́ lọ. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Dọ́rọ́tì ló kọ́kọ́ rí i, lọ́jọ́ tí mo ká apá aṣọ mi sókè láti wẹ̀ fún un.

"Ìwọ náà ti ní tìrẹ?" ó bi mí. "Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ta ló máa ń wá?"

"Kò sẹ́ni tó ń wá, mà. Ṣúgà ara mi ló ń wò."

Ó wò mí tàánútàánú. "Ọmọ mi, wọ́n rẹ́ ọ jẹ."

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe kí n tó kúrò nílé. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ọ̀yọ́ ni mo wà, mo sì ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí ẹnu oríṣiríṣi èèyàn, láti orí ọ̀gá ọlọ́pàá dé orí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Ìbéèrè ni oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, odindi ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí ẹnikẹ́ni kò bi èmi fúnra mi ní nǹkan kan ju "Ṣé o fẹ́ ọ̀rá?" lọ, nílé ìtajà.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi, mo sì ti ra ẹ̀wù tó nípọn bí ẹní. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo ní ẹ káàárọ̀, àwọn èèyàn gbójú sókè bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí o bá jáde lọ ra iyọ̀, wàá ti kí gbogbo ojúlé tó wà lójú ọ̀nà kí o tó débẹ̀, ẹnì kan á sì tún bi ọ́ ìdí tí o kò fi kí òun lánàá.

Nígbà tó yá, òùngbẹ dé. Mo rò pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló ń fa omi ara mi gbẹ. Mo ń mu omi, mo ń tọ̀, mo tún ń mu omi. Aṣọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún mi. Àbúrò mi Fúnmi rí mi lórí fídíò, ó ní, "Àǹtí mi, ìlú òyìnbó bá yín lára mu o. Ẹ ti padà di ọmọge." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn títí di ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì gún mi níka, tó sì ní kí n jókòó.

Ìtọ̀ ṣúgà ni. Àrùn tí mo fi sílẹ̀ lára màmá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tẹ̀lé mi dé òkè òkun. Kò tilẹ̀ gba físà.

Sẹ́ńsọ̀ ni orúkọ tí wọ́n fún bọ́tìnnì náà ní ọsibítù. Okùn tín-ín-rín kan tó dà bí irun ló fi wọ inú ara. Á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, á máa ka ṣúgà, á máa fi ohun tó kà ránṣẹ́ sí fóònù mi. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, á kú, èmi á sì lẹ òmíràn mọ́ apá kejì. Nọ́ọ̀sì sọ gbogbo ìyẹn fún mi. Kò sọ fún mi pé aṣòfófó ni.

Bí mo bá jẹ dòdò, á sọ. Bí mo bá sáré gun àtẹ̀gùn nítorí pé mo ti pẹ́ débi iṣẹ́, tí ṣúgà wá já wálẹ̀, á ké. Bí mo bá sùn lé apá náà, á rò pé mo ti fẹ́ kú, á pariwo títí màá fi yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ó ké nínú ìjọ àwa ọmọ Yorùbá lọ́jọ́ Àìkú kan, ní àkókò gan-an tí pásítọ̀ ní kí gbogbo wa dákẹ́ kí Olúwa lè bá wa sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ la ojú kan. Mo ju súìtì sẹ́nu, mo tún dijú. Ìyàwó pásítọ̀ bá mi lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Sístà, tìẹ nìkan ló dáhùn lónìí."

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀bà. Ó pẹ́ tí mo fi bá a jà. Mo dín in kù títí ó fi kù bí ìkúùkù ọmọdé, mo sì kọ́ bí a ṣe ń kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kí a tó fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan mo jẹ ẹ́ tán, mo rìn yí àdúgbò ká, mo wo fóònù: méje. Lórí ẹ̀rọ yìí, ohun tó bá wà láàárín mẹ́rin sí mẹ́sàn-án dára. Ohun tó bá ti kọjá mẹ́wàá, ìjọ̀gbọ̀n ń bọ̀. Mo ya àwòrán méje náà, mo fi ránṣẹ́ sílé bí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí.

Màmá mi fèsì pẹ̀lú ohùn. Ó ní, "Mo rí méje. Méje kí ni?"

Màmá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Tísà ni gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń pè é, títí kan àwọn tí kò kọ́ rí. Òun náà ti ní ìtọ̀ ṣúgà tipẹ́, ó sì ń bá a gbé bí onílé ṣe ń bá ayálégbé olóríkunkun gbé: wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bàtà tuntun kan tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì há a lẹ́sẹ̀, ó dá egbò sí ìka tó kéré jù lọ. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Fúnmi, tó ń rán aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under G, mú un lọ sí ọsibítù kan nítòsí òun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà ní ṣúgà ló ń bọ́ egbò náà. Bí ṣúgà bá wálẹ̀, ìka á san.

Mo ra bọ́tìnnì mẹ́rin, mo fi rán arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó ń lọ sílé. A so fóònù màmá mi pọ̀ mọ́ tèmi, kí ohun tí bọ́tìnnì bá kà ní Ọ̀yọ́ lè máa hàn sí mi níbi tí mo wà.

Fúnmi lọ sí Ọ̀yọ́ láti lẹ àkọ́kọ́. Ó gbé fóònù sókè kí èmi náà lè rí i. Àwọn ará ilé pé jọ. Ìyá Sàdíà jókòó sí iwájú. Ayálégbé wa ni, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì ní ìsọ̀ kan lójúde ilé tó ti ń ta búrẹ́dì, mílíìkì, ọṣẹ àti ṣúgà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, òun àti màmá mi ló jọ ń wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

"Tísà," ó ní, "ṣé nǹkan yìí kò ní máa gbọ́ ohun tí a bá ń sọ?"

"Kí ni ìwọ ń sọ tí òyìnbó á fẹ́ gbọ́?" ni màmá mi wí, ó sì na apá.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le. Mẹ́rìnlá láàárọ̀, mẹ́tàdínlógún lọ́sàn-án. Bí mo bá ti ráyè lẹ́nu iṣẹ́, màá pè.

"Mọ́mì, ó ti di mẹ́rìndínlógún. Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ káàsán náà ńkọ́?"

"Ẹ káàsán mà. Kí lẹ jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì mélòó?"

"Ó ti wọlé lọ. Ṣé kí n lọ bi í ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Nígbà tí mo bí ọ, mi ò so nǹkan kan mọ́ ọ lára láti fi mọ ohun tí o jẹ. Mo ń wo ẹnu rẹ ni."

Lẹ́yìn náà ni àkọ́kọ́ kú, wọ́n lẹ ìkejì, ohun gbogbo sì yí padà. Mo jí lọ́jọ́ kejì, mo wo fóònù: márùn-ún. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Lọ́sàn-án, mẹ́fà. Lálẹ́, márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ kẹrin. Ní àwọn ọjọ́ kan, ìlà tí fóònù fi ń ya bí ṣúgà ṣe ń rìn a tilẹ̀ nà gbalaja láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀, bí ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí.

Mo ròyìn fún gbogbo ayé. Mo fi han àwọn ọ̀gá mi. Mo fi han Dọ́rọ́tì, tó ní kí n bá òun kí màmá mi, pé òun mọ bó ṣe ṣòro tó láti fi kéèkì sílẹ̀. Mo pe ilé, kò sì sí ìbéèrè kankan lẹ́nu mi. A sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tuntun ilé kejì, nípa ọ̀gá kọ́áyà tó bá akọ̀wé ìjọ jà lórí àga, nípa ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n wà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi nínú yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́.

"Mọ́mì, ẹ mà ń gbìyànjú."

"Ọlọ́run ló ń ṣe é," ó ní.

Mo fẹ́ràn àwọn nọ́ńbà yẹn ju bó ṣe yẹ kí èèyàn fẹ́ràn nọ́ńbà lọ. Ẹni tí kò tíì gbé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ bàbá rẹ̀ lè má mọ ohun tí mo ń sọ. Láàárín iṣẹ́, bí mo bá mú fóònù jáde tí mo rí márùn-ún, ó máa ń dà bí ìgbà tí mo wà lórí ibùsùn nílé láàárọ̀, tí mo ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ màmá mi lágbàlá. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti jí, pé ara rẹ̀ le, pé ohun gbogbo wà ní ipò rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí ní fọ́tò ilé wọn lára ògiri. Èmi ní ṣúgà màmá mi.

Fúnmi ló kọ́kọ́ sọ ohun tí kò bára mu. Ó pè mí lẹ́yìn tí wọ́n ti ọsibítù dé.

"Àǹtí mi, dókítà yin Mọ́mì lórí ohun tó rí nínú fóònù. Ṣùgbọ́n egbò yẹn kò dáa. Ó ti dúdú létí. Ó ti ń rùn díẹ̀."

"Wọn kò gún un níka ni?"

"Wọ́n gún un. Ó ga gan-an. Mọ́mì ní búrẹ́dì tí òun jẹ lójú ọ̀nà ni. Dókítà ní gígún ìka kàn fi ìṣẹ́jú kan hàn ni, pé fóònù ló rí gbogbo ọjọ́. Ó ní bí ṣúgà bá ti wálẹ̀ báyìí tí egbò kò sì san, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá yí padà, wọ́n máa gé ìka náà."

Mo bi màmá mi. Ó ní ìka tí kò ṣiṣẹ́ ni, pé òun kò fi í mú gègé rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka kan bẹ́ẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló parí sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà pé. Èmi kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo gba àyè, mo jókòó ti fóònù. Láàárọ̀, ó fi márùn-ún hàn. Màmá mi pè pé òun ti ń lọ sí ibùdókọ̀. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà náà parẹ́. Ohun tí fóònù kọ síbẹ̀ ni pé òun kò rí sẹ́ńsọ̀ mọ́.

Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Bó bá tilẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò rí i, nítorí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí n wo fóònù títí. Sẹ́ńsọ̀ kì í sọnù lójú fóònù àfi bí wọ́n bá jìnnà síra wọn. Mo pè é nínú bọ́ọ̀sì.

"Mọ́mì, ṣé fóònù wà lọ́wọ́ yín?"

"Kí ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Bọ́tìnnì ńkọ́? Ṣé kò tíì jábọ́?"

"Ó wà níbi tó wà."

"Ẹ jẹ́ kí a lo fídíò, kí ẹ fi apá yín hàn mí."

"Nínú bọ́ọ̀sì? Kí n bọ́ bùbá fún dírẹ́bà? Ìyá oníròyìn, ẹ jẹ́ kí a dé Ògbómọ̀ṣọ́ ná." Ó pa fóònù.

Bí mo bá bi èèyàn ní ìbéèrè, tó dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó gún régé jù, mo ti mọ̀ láti ìgbà iṣẹ́ rédíò pé ẹlòmíràn ló yẹ kí n lọ bi. Mo yí àwọn ọjọ́ tó ti kọjá padà lórí fóònù, mo ń wo àwọn ìlà náà. Àwọn ọjọ́ tó nà gbalaja yẹn, mo wo orúkọ wọn. Mọ́ńdè. Tọ́sìdè. Mọ́ńdè. Tọ́sìdè. Ìlà ẹni tó ń gba ààwẹ̀ nìyẹn, ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì ni màmá mi. Kò gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè rí láyé rẹ̀.

Mo pe ìsọ̀ ojúde ilé wa.

"Ìyá Sàdíà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Háà, ọmọ Tísà. Ẹ kú àjò. Òtútù ńkọ́?"

"A wà níbẹ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdè?"

"Ó ti pẹ́. Súńnà ni. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Rárá mà. Bọ́tìnnì apá yín ni mo ń béèrè."

Ẹnì kan ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ, mo sì gbọ́ tí Ìyá Sàdíà ní kó dúró ná.

"Tísà ní kí n má sọ," ó ní níkẹyìn. "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Mi ò jẹ́ kí omi kàn án. Àlùwàlá gan-an, tìṣọ́ratìṣọ́ra ni mò ń ṣe é."

"Kò bàjẹ́, mà. Ṣé ẹ̀yin náà ní ìtọ̀ ṣúgà ni?"

"Èmi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. Ara mi le koko."

"Kí lẹ wá ń fi bọ́tìnnì ṣe?"

Ohùn rẹ̀ yí padà, bí ẹni tí ọmọ kékeré ń bi ní ohun tí ọmọ kékeré yẹ kó mọ̀. "Ọ̀rẹ́ ẹni fún ni ní nǹkan tó ti òkè òkun dé, ó ní ó dára fún ara. Kí n ní mi ò gbà? Nígbà tí àkọ́kọ́ kú, ó tún fún mi ní òmíràn. Mo ní ó tó. Ó ní ẹyọ kan kò bójú mu."

Fún odindi oṣù kan, obìnrin tó ń ta ṣúgà, tí ṣúgà kò sì ṣe rí, ni mo ti ń bá yọ̀ pé kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, dókítà kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ gé ìka ẹsẹ̀ màmá mi nítorí ṣúgà Ìyá Sàdíà.

Mo pe Fúnmi. Ó ní wọn kò tíì pe àwọn wọlé, àwọn wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Bí wọ́n bá pè yín, ìwọ náà wọlé. Ká apá aṣọ Mọ́mì sókè fún dókítà. Apá méjèèjì."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, ẹnu Fúnmi ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti mú kó tún un sọ lọ́pọ̀ ìgbà. Báyìí ló ṣe wí:

"Mo ká a. Dókítà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó wo fóònù tó wà lórí tábìlì. Ó ní, 'Mọ́mì, ṣúgà ta ni mo ti ń tọ́jú?' Mọ́mì ní, 'Ti aládùúgbò mi ni, sà.' Dókítà ní, 'Báwo ni ara aládùúgbò yín?' Mọ́mì ní, 'Ó wà dáadáa, sà. Ó kí yín.' Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kọjú sí ògiri. Èmi kò mọ ibi tí màá fojú sí."

"Dókítà bínú?"

"Kò bínú. Ó ní kí wọ́n gún Mọ́mì níka. Mọ́kàndínlógún. Ó bi í bóyá ó jẹ búrẹ́dì lójú ọ̀nà. Mọ́mì ní rárá, òun kò jẹ nǹkan kan láti àná, ẹ̀rù ọ̀bẹ ni kò jẹ́. Dókítà wá ní, 'Mọ́kàndínlógún dára fún mi lónìí. Bó bá jẹ́ ṣúgà ni, mo mọ ohun tí mo lè ṣe sí i kí n tó mú ọ̀bẹ.' Ó fa ìlà sórí ohun tó ti kọ. Ó ní kí Mọ́mì wá sùn sí wọ́ọ̀dù, pé abẹ́rẹ́ ni àwọn máa bẹ̀rẹ̀, pé òun kò lè ṣèlérí ìka náà fún wa, ṣùgbọ́n òun kò ní gé e lónìí."

Wọ́n lẹ bọ́tìnnì kẹrin mọ́ ọn lára lórí ibùsùn wọ́ọ̀dù, Fúnmi sì dúró tì í títí ó fi ṣiṣẹ́. Mọ́kàndínlógún yọ lórí fóònù mi. Mi ò tíì rí nọ́ńbà tó burú tó bẹ́ẹ̀ tó tù mí nínú báyẹn rí.

Mo fún un ní ọjọ́ kan kó sinmi kí n tó pè é. Mo ti to ìbéèrè mi sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá gómìnà lẹ́nu wò.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Kí ló dé tí ẹ fi fún un?"

"Nǹkan mẹ́rin ti òkè òkun dé, gbogbo ilé rí i. Kí n wá lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ẹni tó ń fún mi lómi bí ẹsẹ̀ bá ń ro mí jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí. Ṣé bí mo ṣe tọ́ yín nìyẹn?"

"Ó dáa. Ẹ fún un ní ìkejì. Ìkẹta ńkọ́?"

Mo ń gbọ́ ariwo wọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pe nọ́ọ̀sì, abọ́ ń dún.

"Nígbà tó wà lára mi," ó ní, "bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Mo ti mọ̀ pé ọlọ́pàá ni. Kí lẹ jẹ, mélòó lẹ jẹ, ìgbà wo lẹ jẹ ẹ́. Nígbà tó bọ́ sára Ìyá Sàdíà, o pè mí, o ń rẹ́rìn-ín. O béèrè ọmọ ilé kejì. A sọ̀rọ̀ títí iná fóònù mi fi tán. Mo ní, họ́wù, ọmọ mi ti dé. Kí n tún wá lọ lé e padà?"

"Mọ́mì, ìka ẹsẹ̀ yín ni wọ́n fẹ́ gé."

"Mo mọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé bí a bá ti ọsibítù dé, màá jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé, ìwọ á tún pè."

Ẹlẹ́rìí mi ti sọ tẹnu rẹ̀ tán. Kò sí ìbéèrè tó kù nínú èyí tí mo tò sílẹ̀.

Mo ti rò ó títí láti ìgbà yẹn. Èmi tí mò ń ráhùn pé ìlú òyìnbó dákẹ́ jù, pé kò sẹ́ni tó ń bá èèyàn ṣeré, èmi náà ni mo sọ ilé mi di ibi tí a ti ń gba nọ́ńbà. Ìyá mi wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láàárín èrò, ó ń dá nìkan wà lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé mo ń súnmọ́ ọn. Fóònù ni mo ń súnmọ́.

Ìka náà kò tètè ṣe ìpinnu. Èékánná rẹ̀ bọ́. Nọ́ọ̀sì ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́, nọ́ńbà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì ń sinmi lójú ọ̀nà. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ sílé. Mo fi bọ́tìnnì mìíràn ránṣẹ́, mo sì fi ẹ̀wù òtútù kan sí i fún Ìyá Sàdíà, kí òun náà lè ní nǹkan òkè òkun tí kò ní ba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé ó wọ̀ ọ́ nínú oòrùn láti fi han gbogbo oníbàárà, ó sì ń làágùn pẹ̀lú ìdùnnú.

Ọjọ́ tí wọ́n tún padà lọ rí dókítà, Fúnmi fi fọ́tò ẹsẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Dúdú etí egbò ti lọ. Ẹran pupa tuntun ti ń yọ láti abẹ́. Dókítà ní òun ti gbé ọ̀bẹ padà sí àpótí, ṣùgbọ́n kí Mọ́mì má rò pé òun ti sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí fóònù ké. Mẹ́tàlá. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ilé.

"Mọ́mì, ẹ káàsán mà. Ẹ kú ìjókòó. Ara ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń ṣe dáadáa. Òtútù ńkọ́?"

"Ó ti ń dín kù. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti mọ̀ ọ́n wà?"

"Ó ti wọ inú gọ́tà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fà á yọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wà á báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n wà jù ú lọ. Ọkọ wá jókòó sẹ́yìn bí èrò."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo béèrè Ìyá Sàdíà, mo béèrè kọ́áyà, mo béèrè ọmọ ilé kejì, tí wọ́n ní ó ti yọ eyín kan. Mi ò dárúkọ nọ́ńbà kankan. Mo fẹ́ bi í bóyá òjò ti rọ̀, nígbà tó dá mi dúró.

"O ti kí mi dáadáa," ni màmá mi wí. "Èmi náà ti rí mẹ́tàlá. Dòdò ni, mẹ́rin, ẹ̀yìn Ìyá Sàdíà ni mo sì ti jẹ ẹ́. Ó yá, bẹ̀rẹ̀ ìjà rẹ, kó tó di pé iná fóònù mi tán."